Ẹ má fi dátà ṣòfò, Python yín ti wà nínú kọ̀ǹpútà

Láti ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti gbé ètò 3MTT kalẹ̀ láti kọ́ mílíọ̀nù 3 ọmọ Nàìjíríà níṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, ọ̀dọ́ tó bá ní kọ̀ǹpútà alágbèéká ní Ṣáṣá tàbí Ẹ̀gbẹ́dá lè jókòó sílé kọ́ Python, ìyẹn èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò iṣẹ́ fún kọ̀ǹpútà. Àmọ́ ìṣòro kan máa ń pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n á gba Python sórí ẹ̀rọ tán, wọ́n á tẹ "pip install" láti fi gba àfikún rẹ̀, Windows á ní òun kò mọ ohun tó ń jẹ́ pip.

Àwọn kan á yọ Python dànù, wọ́n á tún un gbà. Àwọn mìíràn á gbé ẹ̀rọ lọ sí Computer Village n'Íkẹjà, wọ́n á tún náwó. Bẹ́ẹ̀, láti oṣù kìíní ọdún 2025 tí àjọ NCC ti fọwọ́ sí i pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù fi iye tí kò ju ìdá 50 nínú 100 lọ kún owó wọn, dátà kì í ṣe nǹkan à-fi-ṣòfò.

Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà. Python ti wà nínú ẹ̀rọ, àdírẹ́sì rẹ̀ ni Windows kò mọ̀. PATH ni orúkọ ibi tí Windows to àdírẹ́sì àwọn fódà sí. Bí ẹ bá pe ètò kan, ibẹ̀ ló ń wò kó tó mọ ibi tí yóò ti wá a.

Kí ni ṣíṣe? Ẹ tẹ "py -m pip install", kí orúkọ àfikún tí ẹ fẹ́ tẹ̀ lé e. Èyí sábà máa ń ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kí wàhálà náà tán pátápátá, ẹ wá Python láàárín àwọn ètò tó wà lórí Windows, ẹ tẹ Modify, lẹ́yìn náà Next, kí ẹ máàkì "Add Python to environment variables". Ẹ ti ojú ibi tí ẹ ti ń tẹ àṣẹ pa, kí ẹ tún un ṣí, nítorí èyí tó ti wà ní ṣíṣí tẹ́lẹ̀ kò ní mọ àyípadà náà.

Bí ẹ bá tẹ "python" tí Microsoft Store sì yọjú, ẹ má kánjú gba òmíràn. Bí Python bá di méjì, àfikún lè wọ inú ọ̀kan, kó jẹ́ èkejì ni iṣẹ́ yín ń lò. "where python" á fi ibi tí wọ́n wà hàn yín.

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ gbà á, bó bá rí "Add python.exe to PATH" lójú ìwé àkọ́kọ́, kó máàkì rẹ̀. Kò ná an ní kọ́bọ̀.