Òkè Àjà: Yàrá tí Ẹnikẹ́ni Ò Gbé, tó ń Sọ Ilé Wa Di Ààrò

Bí ẹ bá ti sùn nílé onípáànù ní Tápà rí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ ó mọ ohun tí mò ń sọ. Aago mẹ́wàá alẹ́ ti lù, ìta ti ń tutù, ṣùgbọ́n inú yàrá ṣì gbóná bí ìgbà tí wọ́n ń dáná níbẹ̀. Ẹ tan fáànù, afẹ́fẹ́ gbígbóná ló ń fẹ́ lù yín lójú.

Bí yàrá ìyá àgbà mi ṣe rí nìyẹn. Àwọn ọmọ wọn fẹ́ dáwó jọ ra ẹ̀rọ amúlétutù, wọ́n ní kí n ṣírò èyí tó máa tó yàrá náà, torí èmi ni wọ́n ń pè ní onísáyẹ́ǹsì nílé. Owó tí wọ́n fẹ́ dá kì í ṣe kékeré o, ká má tíì sọ ti iná. Mo gbé kọ̀ǹpútà, mo ya ilé náà sínú EnergyPlus, mo sì ṣi í ṣírò.

Ọ̀fẹ́ ni EnergyPlus. Iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ agbára ló gbé e jáde lọ́dún 2001. Ẹ ó sọ fún un bí ògiri ṣe nípọn tó, irú òrùlé tó wà níbẹ̀, àti ibi tí fèrèsé kọjú sí. Ẹ ó tún fún un ní àkọsílẹ̀ ojú ọjọ́ fún ọdún kan, wákàtí sí wákàtí. Òun á wá ṣírò bí ooru ṣe ń wọlé àti bó ṣe ń jáde.

Ó máa ń pín ilé sí ẹkùn-ẹkùn. Ẹkùn kọ̀ọ̀kan, ìwọ̀n ooru kan ṣoṣo ni afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ní, bí ẹ̀kọ tí wọ́n rò pọ̀ dáadáa. Ibẹ̀ ni mo ti ṣìnà: láti ilẹ̀ títí dé páànù, ẹkùn kan ṣoṣo ni mo yà. Mo gbàgbé àjà! Kọ̀ǹpútà bá da ooru abẹ́ páànù pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ tí ìyá àgbà ń mí sínú, ó ní ẹ̀rọ ńlá ni ká lọ rà.

Òfìfo tó kún

Àwọn ẹnjiníà ní orúkọ fún àlàfo tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá lókè àjà: plenum. Nínú ọ́fíìsì ńláńlá, ibẹ̀ ni ẹ̀rọ amúlétutù máa ń gbà fa afẹ́fẹ́ tó ti gbóná padà, táá sì kó ooru gílóòbù àti ti òrùlé mọ́ ọn bọ̀. Èdè Látìn ni ọ̀rọ̀ náà, "kíkún" ló túmọ̀ sí. Àwa rò pé òfìfo ni, orúkọ rẹ̀ ń sọ pé ó kún!

Òkè àjà tiwa kì í ṣe plenum gan-an, torí kò sí ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ gba ibẹ̀. Ṣùgbọ́n bákan náà la ṣe ń yà wọ́n: ẹ yà á bíi yàrá ọ̀tọ̀. Kò sí èèyàn níbẹ̀, kò sí gílóòbù, kò sí ẹ̀rọ amúlétutù, àmọ́ ó ní ìwọ̀n ooru tirẹ̀. Àjà wá di ààlà láàárín yàrá méjì.

Ọ̀nà méjì ni ooru ń gbà

Lọ́sàn-án gangan, tí kò sí kùrukùru, agbára oòrùn lórí mítà kan níbùú lóròó máa ń sún mọ́ 1,000 wáàtì. Páànù tó ti dípẹtà á gba èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀, ó sì lè gbóná kọjá 60 dígírì. Páànù yìí á mú afẹ́fẹ́ inú àlàfo gbóná. Ó tún ń ta ooru sí àjà ní tààrà, bí iná ṣe ń yá yín lára láì fọwọ́ kàn án.

Páànù fúnra rẹ̀ tètè ń tutù lálẹ́. Ooru tó ti kọjá àjà lọ́sàn-án, tí ògiri búlọ́ọ̀kù sì ti gbé mì, ni kì í jẹ́ ká sùn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ká ní yàrá jẹ́ mítà 4 sí 3, tí àlàfo òkè rẹ̀ ga tó mítà 1. Afẹ́fẹ́ inú àlàfo yẹn á tó kílógíráàmù 13. Bí atẹ́gùn bá ń pààrọ̀ rẹ̀ nígbà 20 láàárín wákàtí kan, tí àlàfo sì fi dígírì 15 gbóná ju ìta lọ, ooru tó ń bá a jáde á tó 1,100 wáàtì. Bíi áyọ́ọ̀nù aṣọ kan nìyẹn, tí wọ́n tàn sílẹ̀ láìpa á. Ẹ ò sì san kọ́bọ̀ owó iná!

Nílé ìyá àgbà, káfíńtà ti fi pákó dí gbogbo etí òrùlé nítorí àdán. Ooru ò ríbi gbà jáde mọ́, apá kan nínú rẹ̀ bá ń wá sísàlẹ̀. Mo tún ilé náà yà ní ẹkùn méjì, mo ṣírò rẹ̀ bó ṣe wà ní dídí, mo sì tún ṣírò rẹ̀ pẹ̀lú ihò. Ìyàtọ̀ ńlá ni. Ẹ ṣọ́ra níbí: bí ẹ bá kọ òdo síbi ìpààrọ̀ afẹ́fẹ́ àlàfo, ẹ ti di ihò náà pa nínú kọ̀ǹpútà nìyẹn.

Kí la wá ṣe?

A ṣí etí òrùlé níhà méjèèjì, a fi nẹ́ẹ̀tì onírin bo ihò kí àdán má bàa wọlé. Atẹ́gùn nìkan ò lè dá ooru tí páànù ń ta sílẹ̀ dúró, torí náà a ta bébà álúmíníọ̀mù sábẹ́ igi òrùlé, ojú tó ń dán kọjú sí àjà, nítorí ohun tó ń dán kì í ta ooru sílẹ̀ púpọ̀. Ìkìlọ̀ o: bí àjà yín bá jẹ́ asbestos àtijọ́, ẹ má gbẹ́ ẹ, ẹ má fọ́ ọ. Eruku rẹ̀ ń fa jẹjẹrẹ.

Kì í ṣe ọgbọ́n tuntun. Àwọn baba wa rẹ́ amọ̀ tó nípọn sórí igi àjà, wọ́n fi koríko bo ilé. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, Maxwell Fry àti Jane Drew fi ihò-ihò sára ilé ìkàwé Kenneth Dike kí atẹ́gùn lè máa gba inú rẹ̀ kọjá.

Ilé ìyá àgbà ò di yìnyín o. Ọ̀sán Tápà ṣì ń jẹ́ ọ̀sán Tápà. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ń sùn nínú yàrá wọn, wọn ò tẹ́ ẹní síta mọ́, owó ẹ̀rọ amúlétutù sì ṣì wà nílẹ̀. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Kí ẹ tó ra ẹ̀rọ, ẹ kọ́kọ́ gbójú sókè wo etí òrùlé yín: ṣé afẹ́fẹ́ ń ríbi gbà?