Èrè tí Kò Tó Ìrètí: Kẹ́míkà inú Ọpọlọ àti Ọ̀rọ̀ tí ó Yẹ Ìjákulẹ̀ Ẹranko

Ìfáárà

Ní ọdún 1928, onímọ̀ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Tinklepaugh, ní Yunifásítì Califọ́níà ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ pamọ́ sábẹ́ ife kan níṣojú ọ̀bọ. Lẹ́yìn èyí, ó fi nǹkan dí ọ̀bọ náà lójú fún ìgbà díẹ̀, ó yọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kúrò, ó sì fi ewé létúùsì rọ́pò rẹ̀. Ewé yìí kì í ṣe ohun tí ọ̀bọ kórìíra. Bí ó bá jẹ́ pé ewé ni ó rí tí wọ́n fi pamọ́, yóò mú un, yóò sì jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó ṣí ife tí ó bá ewé níbi tí ó ti ń retí ọ̀gẹ̀dẹ̀, kò mú un. Ó wo abẹ́ ife, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó wo ilẹ̀ yí ká; nígbà mìíràn, ó tilẹ̀ yíjú sí àwọn tí ń wò ó, ó sì figbe ta.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí a kò bá rí àdàn, à á fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Ọ̀bọ yìí kò gba òòbẹ̀ dípò àdàn, ó kéré tán, kì í ṣe lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìbéèrè méjì ni ìwà rẹ̀ gbé dìde. Èkíní jẹ́ ti onímọ̀ sáyẹ́ǹsì: kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọpọlọ ẹranko nígbà tí èrè kò bá tó ìrètí? Èkejì jẹ́ ti olùkọ́ àti ògbufọ̀: ọ̀rọ̀ wo ni ó yẹ kí wọ́n fi sọ ọ́ ní èdè Yorùbá láìṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà? Ó yẹ kí ìbéèrè méjèèjì rìn pọ̀, nítorí pé ẹni tí ó bá fún nǹkan ní orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀ yóò wá a sí ibi tí kò sí.

Àwọn Ìdánwò Ìpìlẹ̀

Ní ọdún 1928 kan náà, ní yunifásítì kan náà, Elliott kọ́ àwọn eku láti rin ọ̀nà kọ́lọkọ̀lọ kan tí èèrí tí wọ́n fi omi pò wà ní òpin rẹ̀. Nígbà tí ó fi èso òdòdó oòrùn rọ́pò èèrí, àwọn eku náà bẹ̀rẹ̀ sí ṣìnà ju àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tí èso yìí ti jẹ́ èrè wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ lọ.

Ní ọdún 1942, Crespi gbé ọ̀rọ̀ náà ka orí òṣùwọ̀n. Ó ṣe ọ̀nà tóóró kan tí eku yóò sá gbà lọ sí ibi oúnjẹ, ó sì ń wọn bí ìsáré wọn ti yá tó. Àwọn kan ń rí èérún oúnjẹ 256 ní òpin ọ̀nà. Àwọn mìíràn ń rí 16 péré. Nígbà tí ó sọ 256 di 16, àwọn eku tí ọ̀pọ̀ ti mọ́ lára kò kàn wá dọ́gba pẹ̀lú àwọn tí 16 ti mọ́ lára; ńṣe ni wọ́n ń lọ́ra jù wọ́n lọ. Kókó ọ̀rọ̀ nìyí: oúnjẹ kan náà, ìwọ̀n kan náà, ọ̀nà kan náà, ṣùgbọ́n ìwà yàtọ̀. Ohun tí ó fa ìyàtọ̀ kò sí nínú àwo. Inú eku ni ó wà.

Flaherty, ní Yunifásítì Rutgers, fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe irú ìdánwò yìí pẹ̀lú omi ṣúgà. Eku tí ó ti ń lá omi tí ṣúgà inú rẹ̀ jẹ́ ìdá 32 nínú ọgọ́rùn-ún kì í fẹ́ lá èyí tí ó jẹ́ ìdá 4. Ìwọ̀nba tí yóò lá a kì í tó ti eku tí kò mọ̀ ju ìdá 4 lọ. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, yóò gba kámú, yóò sì máa lá a bí àwọn yòókù.

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀dá ni ó ń hùwà báyìí. Ní ọdún 1967, Lowes àti Bitterman ròyìn pé ẹja wúrà tí wọ́n dín èrè rẹ̀ kù kò yí ìṣesí rẹ̀ padà bí eku ti í ṣe. Ní Ajẹntínà, Papini àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi omi ṣe èrè fún ọ̀pọ̀lọ́, àwọn náà kò sì rí i kí ọ̀pọ̀lọ́ hu ìwà eku. Níhìn-ín ni ó yẹ kí olùkọ́ ti fi àmì ohùn ṣọ́ra, nítorí pé ọpọlọ àti ọ̀pọ̀lọ́ yóò máa fara hàn nínú gbólóhùn kan náà, ìwé tí kò bá sì ní àmì ohùn yóò sọ ẹ̀kọ́ náà di àlọ́.

Ohun tí ó ń Ṣẹlẹ̀ nínú Ọpọlọ

Àwọn sẹ́ẹ̀lì inú ọpọlọ ń fi kẹ́míkà ránṣẹ́ sí ara wọn. Ọ̀kan nínú àwọn kẹ́míkà yìí ni dópámììnì. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, Carlsson, ọmọ ilẹ̀ Sweden, fi hàn pé dópámììnì ń jẹ́ iṣẹ́ tirẹ̀ nínú ọpọlọ, pé kì í ṣe ohun tí ara fi ń ṣe kẹ́míkà mìíràn nìkan. Ó gba ẹ̀bùn Nobel nítorí iṣẹ́ yìí ní ọdún 2000.

Schultz ni ó tẹ́tí sí àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń tú dópámììnì jáde nínú ọpọlọ ọ̀bọ. Bí omi èso bá kán sí ọ̀bọ lẹ́nu láìròtẹ́lẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí yóò ta kìjí. Bí àmì kan bá ti ń ṣáájú omi èso náà ní gbogbo ìgbà, àmì ni wọn yóò máa ta kìjí sí. Bí omi èso fúnra rẹ̀ bá dé bí wọ́n ti retí rẹ̀, wọn kò ní ṣe ju bí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí àmì bá dé tí omi èso kò dé, àwọn sẹ́ẹ̀lì náà yóò dákẹ́ ní àkókò gan-an tí ó yẹ kí omi èso dé. Ní ọdún 1997, Schultz, Dayan àti Montague fi ìṣirò ṣàlàyé èyí: iṣẹ́ tí dópámììnì ń jẹ́ ni ohun tí ó kù nígbà tí ènìyàn bá yọ ìrètí kúrò nínú èrè.

Ta ni ó ń pa àwọn sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí lẹ́nu mọ́? Ní ọdún 2007, Matsumoto àti Hikosaka ròyìn pé àwọn sẹ́ẹ̀lì kan ní apá ẹ̀gbẹ́ hábẹ́núlà, ìṣù kékeré kan nínú ọpọlọ, máa ń ta kìjí nígbà tí èrè kò bá dé, wọn a sì máa dá àwọn sẹ́ẹ̀lì dópámììnì dúró.

Dópámììnì nìkan kọ́ ni ó wà nídìí ọ̀rọ̀. Flaherty rí i pé ọjọ́ kìíní ìjákulẹ̀ kò rí bí ọjọ́ kejì. Ní ọjọ́ kìíní, eku ń wá ohun tí ó sọnù kiri. Ní ọjọ́ kejì ni kẹ́míkà tí ara fi ń kojú ìnira pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Oògùn tí ń mú àyà balẹ̀, tí a mọ̀ sí chlordiazepoxide, kò fi bẹ́ẹ̀ ràn án lọ́wọ́ ní ọjọ́ kìíní, ṣùgbọ́n ó dín ìwà náà kù ní ọjọ́ kejì. Morphine pẹ̀lú, tí àwọn dókítà fi ń pa ìrora, ń dín in kù.

Ọ̀ràn Èdè-Ìperí

Láti ọdún 1970 tí ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́fà ti bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ni ó ti hàn pé sáyẹ́ǹsì ṣeé kọ́ ní Yorùbá. Èdè-Ìperí tí Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní ọdún 1984 sì là ọ̀nà fún ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀. Fún ẹ̀kọ́ ọpọlọ, iṣẹ́ ṣì pọ̀, ó sì yẹ kí ògbufọ̀ ṣọ́ra ní ibi mẹ́rin.

Èkíní ni ìyókù tí Schultz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣírò. Orúkọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fún un lè mú kí ògbufọ̀ kọ “àṣìṣe”. Ṣùgbọ́n ọ̀bọ tí kò rí omi èso kò ṣe àṣìṣe kankan. “Ìyàtọ̀ èrè sí ìrètí” ni ó bá ìṣirò náà mu. Bí èrè bá ju ìrètí lọ, ìyàtọ̀ náà jẹ́ àlékún. Bí kò bá tó o, ó jẹ́ àdínkù.

Èkejì ni àṣà pípe dópámììnì ní “kẹ́míkà ìdùnnú”. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, àwọn sẹ́ẹ̀lì náà ì bá máa ta kìjí ní gbogbo ìgbà tí omi èso bá kan ọ̀bọ lẹ́nu. Wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. “Kẹ́míkà akọ́ni” sún mọ́ òtítọ́ jù ú lọ, nítorí pé ìyàtọ̀ ni ó ń kọ́ ẹranko bí yóò ti retí lọ́la.

Ẹ̀kẹta ni orúkọ ìwà náà. “Ìbànújẹ́” àti “ìbínú” sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí nínú eku. “Ìrẹ̀wẹ̀sì” kò tọ̀nà, nítorí pé ní ọdún 1952, Amsel àti Roussel rí i pé eku tí kò bá oúnjẹ níbi àkọ́kọ́ ń sáré kíákíá sí i lọ sí ibi kejì. “Ìjákulẹ̀” ni ó dára jù: ohun tí ó já tí ó sì bọ́ sílẹ̀ ti gbọ́dọ̀ wà lókè tẹ́lẹ̀, ohun tí ó wà lókè náà sì ni ìrètí. Kí ìjákulẹ̀ jẹ́ orúkọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, kí “ìdáhùn sí ìjákulẹ̀” jẹ́ orúkọ ohun tí ẹranko ṣe. Fún fífi èrè òní wé ti àná, “ìfèrè-wé-èrè” yóò ṣiṣẹ́, bí wọn kò bá pa á pọ̀. Bí wọ́n bá sọ ọ́ di “ìfèrèwérè”, kíláàsì yóò gbọ́ wèrè, ẹ̀rín yóò sì gba ẹ̀kọ́ mọ́ olùkọ́ lọ́wọ́.

Ẹ̀kẹrin ni ọ̀rọ̀-ìṣe “dùn”. Yorùbá ń sọ pé ẹsẹ̀ ń dun òun, ó sì ń sọ pé ọ̀rọ̀ dun òun. Iṣẹ́ morphine lára eku fi hàn pé àwọn ọ̀nà kẹ́míkà tí ìrora ara ń gbà nínú ọpọlọ kò jìnnà sí èyí tí ìjákulẹ̀ ń gbà. Èyí kì í ṣe ẹ̀rí pé àwọn baba ńlá mọ kẹ́míkà. Ó kàn jẹ́ àǹfààní tí olùkọ́ lè lò.

Àgbálọgbábọ̀

Eku Crespi kọ́ àwọn onímọ̀ pé èrè kì í dá dúró. Ohun tí ó ṣáájú rẹ̀ ni ẹranko fi ń wọ̀n ọ́n. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ rí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó gbọ́ “àṣìṣe” ti bẹ̀rẹ̀ sí wá ẹlẹ́ṣẹ̀. Èyí tí ó gbọ́ “ìyàtọ̀” yóò mú gègé, yóò sì yọ iye kan kúrò nínú òmíràn. Ẹni kejì yìí ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì.