Ọmọ Òkè-Ọ̀dàn tí ó jẹ Mẹ́yọ̀ ní ilẹ̀ Ireland

Láti oṣù kẹfà ọdún 2019, nígbà tí Gómìnà Ìpínlẹ̀ Kwara dá àwọn alága àti àwọn kánsílọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ dúró, títí di oṣù kẹsàn-án ọdún 2024 tí a tún dìbò, kò sí ìgbìmọ̀ kan tí àwọn ará Ọ̀fà fi ọwọ́ ara wọn yàn láti máa bójú tó ìlú wọn. Ọdún márùn-ún gbáko ni. Àwọn tí ìjọba Ìlọrin fi síbẹ̀ ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà. Ohun tí ó yà wá lẹ́nu ni pé ariwo tí ó jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí láàárín ìlú kò tó nǹkan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń bi ara wọn léèrè pé kí ni kánsílọ̀ tilẹ̀ jẹ́, tí a ó fi tìtorí rẹ̀ sùn láìjẹun. Nítorí irú èrò bẹ́ẹ̀ ni a ṣe fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé wa bá wa yẹ ìtàn ọmọ Yorùbá kan wò, ẹni tí ó fi iṣẹ́ kánsílọ̀ lásán di ẹni tí gbogbo ayé ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Rótìmí Adébárí ni orúkọ rẹ̀. Òkè-Ọ̀dàn ní Ìpínlẹ̀ Ògùn ni a ti bí i, ó sì kẹ́kọ̀ọ́ nínú ìmọ̀ ọrọ̀ ajé ní Yunifásítì Benin. Ní ọdún 2000 ni òun, aya rẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn gúnlẹ̀ sí Ireland, ó sì tọrọ ààbò lọ́wọ́ ìjọba ibẹ̀, ó ní a ń ṣe inúnibíni sí òun ní ilé nítorí ẹ̀sìn. Ìjọba kò gba ẹ̀bẹ̀ náà. Wọ́n ní ẹ̀rí rẹ̀ kò tó. Ṣùgbọ́n aya rẹ̀ bímọ sí ibẹ̀, òfin ilẹ̀ náà nígbà náà sì ni pé ẹnikẹ́ni tí a bá bí sórí ilẹ̀ Ireland ti di ọmọ onílẹ̀ láti ọjọ́ ìbí rẹ̀. Ọmọ jòjòló ni ó gba ilẹ̀ fún bàbá rẹ̀. Wọ́n jẹ́ kí ìdílé náà dúró.

Ìlú Portlaoise ni wọ́n fi ṣe ibùjókòó. Ìlú yìí wà ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ náà, nǹkan bí 80 kìlómítà sí Dublin tí í ṣe olú-ìlú. Kì í ṣe ìlú ńlá. Nígbà tí a ka àwọn ènìyàn ibẹ̀ ní ọdún 2006, wọ́n tó nǹkan bí 14,000. Ọkọ̀ ojú irin tí ń ti Dublin lọ sí Cork a máa gba ibẹ̀ kọjá, gẹ́gẹ́ bí ti Èkó sí Kánò ṣe gba Ọ̀fà kọjá. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ńlá kan sì wà níbẹ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ ará Ireland fi ń dá orúkọ ìlú náà mọ̀. Irú ìlú tí gbogbo ènìyàn ti mọ ara wọn láti ilé ìwé ni, àlejò kò lè fi ara pamọ́ síbẹ̀, pàápàá àlejò tí ó dúdú.

Òfin nígbà náà kò gba ẹni tí ń tọrọ ààbò láyè láti ṣiṣẹ́ owó. Nígbà tí ó sì gba ìwé ìgbélùú tán, iṣẹ́ kò tètè yọjú. Adébárí kò jókòó sílé kí ó máa ka àjà. Ó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ fún àwọn tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́, àti onílé àti àlejò, kí wọ́n lè máa ran ara wọn lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ó gba oyè ìjìnlẹ̀ kejì ní Dublin City University nínú ẹ̀kọ́ nípa bí àwọn ènìyàn tí àṣà wọn yàtọ̀ ṣe lè jọ gbé pọ̀. Lójú tiwa, ẹgbẹ́ àwọn aláìníṣẹ́ yìí ni ó ṣí ọ̀nà fún un ju ìwé ẹ̀rí lọ, nítorí ẹni tí ó bá bá ọ lọ wá iṣẹ́, o kò ní béèrè ibi tí bàbá rẹ̀ ti wá kí o tó dìbò fún un.

Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹfà ọdún 2004 ni a dìbò sí àwọn ìgbìmọ̀ ìlú ní gbogbo Ireland. Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ọjọ́ yìí. Òfin ilẹ̀ náà ni pé nínú ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀, ẹnikẹ́ni tí ó bá ń gbé ìlú, tí ó sì ti pé ọmọ ọdún 18, lè dìbò, ó sì lè díje, ìbáà ṣe ọmọ onílẹ̀ tàbí àlejò. Ti ìjọba àpapọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Èrò wọn ni pé ẹni tí ń rìn ní títì, tí ń da ilẹ̀ nù, tí ọmọ rẹ̀ ń lọ sí ilé ìwé ìlú, ó ní ohùn nínú bí a ó ṣe tọ́jú títì, ilẹ̀ àti ilé ìwé. Bí wọ́n ṣe ń dìbò pẹ̀lú yàtọ̀ sí tiwa. Olùdìbò a kọ 1 sí iwájú orúkọ ẹni tí ó fẹ́ jù, a kọ 2 sí ẹni tí ó tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ títí lọ. Bí ẹni tí ó kọ 1 fún kò bá lè wọlé, ìbò náà kò ṣègbé. A ó gbé e fún ẹni tí ó kọ 2 fún. Nítorí náà, àlejò tí kò ní ẹbí rẹpẹtẹ nílùú, ṣùgbọ́n tí inú ọ̀pọ̀ ènìyàn dùn sí, lè wọlé. Adébárí díje láìsí lábẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú kankan, ó ń kan ilẹ̀kùn láti ilé dé ilé, ó sì wọlé. Ní ọjọ́ kan náà ni Dókítà Táíwò Matthew, ọmọ Nàìjíríà mìíràn, wọlé sí ìgbìmọ̀ ìlú Ennis.

Ní ọjọ́ yìí kan náà pẹ̀lú ni a bi àwọn ará Ireland bí wọ́n bá fẹ́ kí a yí òfin ìpìlẹ̀ padà, kí ọmọ tí àlejò bá bí sí ilẹ̀ náà má ṣe di ọmọ onílẹ̀ mọ́ nítorí ìbí nìkan. Nínú 100 ènìyàn tí ó dìbò, nǹkan bí 79 ni ó ní àwọn fẹ́ bẹ́ẹ̀. Àyè tí ìdílé Adébárí gbà wọlé ni wọ́n ń tì, ní ọjọ́ tí àwọn ará Portlaoise gbé Adébárí fúnra rẹ̀ gun àga. Ó dájú pé àwọn kan wà tí ó fi ọwọ́ kan ṣoṣo ṣe méjèèjì. Àwọn tí ń wí pé ọkàn òyìnbó ṣòro mọ̀ kò purọ́, ṣùgbọ́n àwa náà ńkọ́? Àlejò tí a mọ̀ ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Àlejò tí a kò mọ̀ ni a ń pè ní àlejò.

Ní ìparí oṣù kẹfà ọdún 2007, àwọn kánsílọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yan Adébárí ní Mẹ́yọ̀ Portlaoise. Àwọn ẹgbẹ́ Fine Gael àti Sinn Féin, tí àwọn méjèèjì kì í sábà jẹun nínú àwo kan, wà lára àwọn tí ó tì í lẹ́yìn. Òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí yóò jẹ Mẹ́yọ̀ ní Ireland, àwọn oníròyìn sì rọ́ dé láti ibi gbogbo. Orúkọ bàbá rẹ̀ ní adé bá orí. Ní Portlaoise, ẹ̀wọ̀n oyè ni ó bá ọrùn. Kí a má ṣe tan ara wa jẹ, agbára Mẹ́yọ̀ níbẹ̀ kò pọ̀: ọdún kan ni wọ́n ń lò, wọn a máa darí ìpàdé, wọn a máa gba àlejò ìlú, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ni ó sì di owó àti iṣẹ́ ojoojúmọ́ mú. Ní ọdún 2009 ó tún wọ ìgbìmọ̀ gbogbo ẹkùn Laois. Ìdìbò ọdún 2014 kò dá a padà, ọdún náà gan-an sì ni ìjọba Ireland pa ìgbìmọ̀ ìlú 80 rẹ́, ti Portlaoise wà nínú wọn. Àga tí ó jókòó lé kò sí mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn ti tọ ipasẹ̀ rẹ̀: Yẹmí Adénúgà wọ ìgbìmọ̀ ẹkùn Meath ní ọdún 2019, Uruemu Adejinmi sì di Mẹ́yọ̀ Longford ní ọdún 2021.

Ọ̀fà kì í ṣe ìlú tí ó yẹ kí a máa kọ́ ní ìtumọ̀ ìgbìmọ̀. Nígbà tí ìlú yìí wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ìlọrin nínú Ìpínlẹ̀ Àríwá, Olóyè J. S. Ọláwóyin, ọmọ Ọ̀fà, ọmọ ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, dúró gẹ́gẹ́ bí alátakò ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Kàdúná. Nígbà tí ìjọba Àríwá ṣe òfin ọdún 1958 tí ó ka ìṣèlú léèwọ̀ fún àwọn ọmọdé, ó gbé wọn lọ sí ilé ẹjọ́, ó ní òun fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ òun ní ìṣèlú. Ní ọdún 1961, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ fún un pé òfin náà kò tíì pa á lára, nítorí náà kò ní ẹsẹ̀ tí yóò fi dúró níwájú àwọn. Àwọn agbẹjọ́rò ṣì ń tọ́ka sí ẹjọ́ náà títí di òní. Ìlú tí ó bí irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ni ó dákẹ́ fún ọdún márùn-ún.

Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 ní ìgbìmọ̀ tí a dìbò yàn ni kí ó máa ṣe àkóso ìjọba ìbílẹ̀, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sì tún un sọ gbangba ní ọjọ́ kọkànlá oṣù keje ọdún 2024. Oṣù méjì lẹ́yìn rẹ̀ ni a dìbò ní Kwara, ẹgbẹ́ kan ṣoṣo sì kó gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 16. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn wà tí kò sí nínú ìwé òfin kankan, tí gbogbo wa sì ń pa mọ́. Ojú irin ti kó àwọn Haúsá, àwọn Ígbò àti àwọn Núpé wá sí Ọ̀fà láti ayé àwọn bàbá wa. Àwọn ọmọ wọn ń sọ èdè Ọ̀fà láìṣì, wọ́n ń san owó ọjà, wọ́n ń sin òkú wọn síhìn-ín. Nígbà tí ẹgbẹ́ òṣèlú bá sì fẹ́ fa ẹni tí yóò ṣe kánsílọ̀ kalẹ̀, ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ ni wọn yóò kọ́kọ́ béèrè. Ẹgbẹ́ tí ó bá kọ́kọ́ fa ọ̀kan nínú wọn kalẹ̀ ní Ọ̀fà, a ó tẹ orúkọ ẹgbẹ́ náà sí ojú ewé yìí.