BÍ A ṢE Ń MỌ OJÚLÓWÓ NÍGBÀ TÍ A BÁ Ń TÚN ẸŃJÌNNÌ ALÙPÙPÙ ÀTIJỌ́ ṢE

Gbogbo aláǹgbá ni ó da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹ̀yà ara ẹńjìnnì rí nínú páálí. Ẹ̀yin òǹkàwé wa tí ẹ fẹ́ jí alùpùpù àtijọ́ dìde, ẹ gbọ́ o.

Ẹ jẹ́ kí a fi BSA Bantam ṣe àpẹẹrẹ. Ọdún 1948 ni ilé-iṣẹ́ BSA ti Birmingham, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé e jáde. Àwọn ará Jámánì ni ó kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀, DKW RT 125 ni wọ́n pe tiwọn. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni àwòrán rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ àwọn tí ó ṣẹ́gun. Ní 1971 ni BSA ṣíwọ́ ṣíṣe Bantam. Nítorí náà, yàtọ̀ sí ìwọ̀nba tí ó ṣẹ́ kù láti ayé ìgbà náà, ọwọ́ ẹlòmíràn ni ẹ̀yà tuntun rẹ̀ ti ń wá lónìí. Òmíràn dára, òmíràn kò dára.

Èkíní, sílíńdà. Mìlímítà 52 ni ìbú ihò Bantam ti 1948. Bí ó bá ti jẹ, a ó gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin, kí ó fẹ̀ ẹ́, kí a sì fi písítìnì tí ó tóbi jù ti àkọ́kọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ẹ ra písítìnì ná kí wọ́n tó gbẹ́ ihò. Písítìnì gan-an ni kí wọ́n wọ̀n, kì í ṣe nọ́ńbà ara páálí.

Èkejì, ríǹgì. Ẹ fi òun nìkan sínú sílíńdà, kí ẹ fi orí písítìnì tì í wọlé kí ó lè dúró dọ́gba. Ẹ wo àlàfo tí ó wà láàrin ẹnu rẹ̀ méjèèjì. Bí kò bá sí àlàfo rárá, ooru yóò mú un fẹ̀, yóò sì ha ara sílíńdà. Bí àlàfo náà bá pọ̀ jù, agbára yóò máa jò. Ẹ gbé e sí ìmọ́lẹ̀ pẹ̀lú: bí ìmọ́lẹ̀ bá yọ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kò bá ihò náà mu.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fojú di: rọ́bà tí ó dí ẹ̀gbẹ́ kiráńkì. Inú àpótí kiráńkì ni afẹ́fẹ́ àti epo Bantam ń gbà kọjá. Bí rọ́bà bá ń jò, afẹ́fẹ́ yóò pọ̀ ju epo lọ, písítìnì yóò gbóná kọjá ààlà, yóò sì há. Bí ó bá há lójú eré, táyà ẹ̀yìn lè dúró gbọnin, kí ó sì gbé ẹni tí ń gùn ún ṣánlẹ̀. Rọ́bà a máa gbó nínú páálí tí a kò tú rí. Ẹ tẹ̀ ẹ́ wò; bí ó bá le tàbí tí ó sán, ẹ dá a padà.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ jẹ́ kí oníbàárà yín wọn ọjà kí ó tó sanwó. Ẹni tí ó ra ojúlówó lọ́wọ́ yín yóò tún padà wá. Ẹni tí ayédèrú yín bá gbé ṣánlẹ̀ lè má dìde mọ́.