Ìgbàgbé Akẹ́kọ̀ọ́: Ṣé Ọpọlọ Ló Kú Ni?

Ta ni nínú wa tí kò tíì wá kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ ara rẹ̀ rí? Ẹlòmíràn á dé ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn ìdánwò kó tó rántí pé inú ṣòkòtò àná ni káàdì ìdánimọ̀ òun wà. Àwọn ará yàrá á fi ṣẹ̀fẹ̀, wọn á ní onígbàgbé ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìgbàgbé ti mú pàdánù ìdánwò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kọjá ẹ̀rín.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Raymond Prince, dókítà ọpọlọ ará Kánádà tó ti bá Dókítà Adéoyè Lámbò ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Arò ní Abẹ́òkúta, kọ̀wé ní ọdún 1960 nípa ohun tó rí lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà. "Brain fag" ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á ṣí ìwé, kò ní yé wọn, kò sì ní dúró lórí wọn. Orí á gbóná, á dà bí ẹni pé nǹkan ń rìn nínú rẹ̀. Àwọn àgbà wa mọ irú ìrìn bẹ́ẹ̀; ọdẹ orí ni wọ́n ń pè é. Lára ohun tí Prince tọ́ka sí ni ẹrù tí ẹbí ń dì lé akẹ́kọ̀ọ́ lórí. Ọ̀pọ̀ dókítà lónìí ń wò ó gẹ́gẹ́ bí àmì àníyàn àti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn.

Kí ló wá ń fa ìgbàgbé ojoojúmọ́? Lákọ̀ọ́kọ́, púpọ̀ nínú ohun tí a ní a gbàgbé, kò wọlé rárá. Ẹni tó fi kọ́kọ́rọ́ lélẹ̀ nígbà tí ojú rẹ̀ wà lórí fóònù, kò fún ọpọlọ ní nǹkan kan pa mọ́. Ẹni tó lé eku méjì, òfo ni yóò mú bọ̀.

Èkejì ni àìsùn. Ìgbà tí a bá sùn ni ọpọlọ máa ń fìdí ohun tí a kọ́ lójúmọ́ múlẹ̀. Gbogbo wa la mọ ooru Lọ́kọ́ja ní oṣù kẹta, pàápàá bí iná kò bá sí. Ẹni tí ooru ti gba oorun lójú rẹ̀, tó tún ń fi kọfí lé ìyókù lọ, ó ń fa omi sínú agbọ̀n ni.

Ẹ̀kẹta ni àìtúnkà. Hermann Ebbinghaus, ará Jámánì, fi ara rẹ̀ ṣe ìdánwò pẹ̀lú àwọn sílébù tí kò nítumọ̀. Ní 1885 ó kọ ọ́ pé láàárín ọjọ́ kan, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ti lọ. Ó sì rí i pé àtúnkà tí a pín sí ọjọ́ púpọ̀ sàn ju àkàpọ̀ lọ. Ọmọ awo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ tipẹ́: kì í gbé odù 256 lẹ́ẹ̀kan náà. Díẹ̀díẹ̀ ló ń gbà á lẹ́nu ọ̀gá, tí ó sì ń tún un sọ. Ẹni tó ń wá ìsọ̀yè, ọ̀kan tó dájú nìyẹn.

Nítorí náà, ká máa kọ nǹkan sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Kí kọ́kọ́rọ́, káàdì àti rìsíìtì ní ibi kan ṣoṣo. Ká di báàgì ìdánwò lálẹ́. Ká gbé fóònù jìnnà nígbà tí a bá ń kàwé.

Ṣùgbọ́n bí ìpínyà ọkàn bá ti wà lára ẹnì kan láti kékeré, tó ń ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ nílé àti níléèwé, ó lè jẹ́ àìlera tí àwọn dókítà ń pè ní ADHD. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe àìgbọ́n. Kí ó lọ rí dókítà. Kí àwa ará yàrá rẹ̀ sì dín ẹ̀fẹ̀ kù, ká máa rán an létí.