Àṣìṣe Èdè Gẹ̀ẹ́sì Lẹ́nu Àwọn Elédè Sípáníìṣì: Orísun Rẹ̀ àti Ohun Tí Ó Kan Olùkọ́

1.0 Ìfáàrà
Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Olùkọ́ tí ó ń fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ àṣìṣe lójoojúmọ́ láìwádìí orísun rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ èékánná ni ó ń nù. Nínú ìwé tí Robert Lado gbé jáde ní ọdún 1957, ó ṣàlàyé pé ibi tí èdè abínibí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti yàtọ̀ sí èdè tí ó ń kọ́ ni ìṣòro máa ń wà. Ní ọdún 1967, S. P. Corder fi hàn pé àṣìṣe jẹ́ ẹ̀rí pé akẹ́kọ̀ọ́ ń tẹ̀lé òfin kan. Àwọn elédè Sípáníìṣì tí wọ́n ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ àpẹẹrẹ tí ó ṣe kedere.

2.0 Àṣìṣe Ìró
Fáwẹ́lì márùn-ún péré ni Sípáníìṣì ní; nítorí náà, ‘ship’ àti ‘sheep’ a máa dún bákan náà lẹ́nu wọn. Ìró kan náà ni lẹ́tà b àti v dúró fún nínú èdè náà. Èyí ni ó sọ ‘very’ di ‘bery’. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ Sípáníìṣì kì í fi s àti kọ́ńsónáǹtì mìíràn bẹ̀rẹ̀. ‘Escuela’ ni wọ́n ń pe ilé-ẹ̀kọ́, ‘school’ sì di ‘eschool’. Yorùbá náà ń fi fáwẹ́lì kún ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n àárín kọ́ńsónáǹtì ni ó ń fi í sí: ‘súkúù’. Yorùbá kò gba ìṣùpọ̀ kọ́ńsónáǹtì rárá. Sípáníìṣì gbà á, bí ó ti hàn nínú ‘tres’ tí í ṣe ẹẹ́ta. Ṣùgbọ́n kò gba èyí tí s ṣáájú ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

3.0 Àṣìṣe Gírámà
Ìparí ọ̀rọ̀-ìṣe Sípáníìṣì ti ń tọ́ka sí olùwà, nítorí náà olùwà lè má hàn nínú gbólóhùn. ‘Está lloviendo’ ni wọ́n ń wí bí òjò bá ń rọ̀. Ó di ‘Is raining’. ‘Tengo veinte años’ ni ẹni ogún ọdún ń wí, ìyẹn ni pé ó ní ogún ọdún. Ó di ‘I have twenty years’. Ìyísódì méjì tí ó bófin mu nínú ‘No sé nada’ ni ó ń bí ‘I don’t know nothing’. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ‘su’, ni ó ń tọ́ka sí ohun-ìní ọkùnrin àti ti obìnrin, gẹ́gẹ́ bí ‘rẹ̀’ ti Yorùbá. Kò yani lẹ́nu, nígbà náà, pé ọmọ Madrid àti ọmọ Ọ̀yọ́ jọ ń ṣi ‘his’ àti ‘her’ lò.

4.0 Àṣìṣe Ìtumọ̀
Ọ̀rọ̀ tí ó jọra lójú lè yàtọ̀ nínú. ‘Embarazada’ túmọ̀ sí aboyún, ṣùgbọ́n ìtìjú ni ‘embarrassed’ jẹ mọ́. Ẹni tí ó ń wá ‘librería’, ilé ìtàwé ni ó ń wá, kì í ṣe ‘library’.

5.0 Àṣìṣe Tí Kò Ti Inú Èdè Abínibí Wá
Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo àṣìṣe ni èdè abínibí jẹ̀bi rẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe Sípáníìṣì a máa yí padà bí olùwà bá ti yí padà: ‘trabajo’, ‘trabajas’, ‘trabaja’. Ó yẹ kí s inú ‘she works’ rọrùn fún wọn, ṣùgbọ́n ‘she work’ wọ́pọ̀ lẹ́nu wọn. Ọmọdé tí a bí sínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá a máa yọ s yìí sílẹ̀ kí ó tó mọ̀ ọ́n lò. Ní ọdún 1972, Larry Selinker ṣàlàyé pé èdè agbedeméjì kan, tí ó ní òfin tirẹ̀, ni irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ ń sọ.

6.0 Àgbálọgbábọ̀
Ìtọ́jú oríṣi àṣìṣe méjèèjì kò dọ́gba. Èyí tí ó ti inú èdè abínibí wá ń fẹ́ kí olùkọ́ gbé èdè méjèèjì kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè fojú ara rẹ̀ rí ìyàtọ̀. Èyí tí ó jẹ́ ti ìdàgbàsókè ń fẹ́ àkókò àti ìlò lemọ́lemọ́. Olùkọ́ tí kò bá ya méjèèjì sọ́tọ̀ lè pe ọmọ tí ó ń ronú dáadáa ní olódo. Ohun tí ó kan olùkọ́ àwọn ọmọ Madrid kan olùkọ́ àwọn ọmọ Ọ̀yọ́: kí ó tó fa ìlà pupa, kí ó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè òfin tí ọmọ náà ń tẹ̀lé.