Bí Kọ̀ǹpútà Bá Ní Nọ́ḿbà Náà Ti Wà Tẹ́lẹ̀

Láti ìgbà tí púpọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ wa ti ń kó orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ àti owó ìfipamọ́ wọn sínú Microsoft Access, ẹjọ́ kan náà ni wọ́n ń rò fún wa nígbàkúùgbà tí a bá lọ yẹ ìwé wò. Akọ̀wé yóò kún fọ́ọ̀mù tán, yóò fẹ́ kọjá sí orí ẹlòmíràn, kọ̀ǹpútà yóò sì kọ̀ jálẹ̀ pé ohun tí ó tẹ̀ yìí yóò di méjì níbi tí ó yẹ kí ó jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo. Àṣìṣe 3022 ni àwọn tó mọ iṣẹ́ náà ń pè é.

Ìkìlọ̀ yìí kì í ṣe àìsàn. Ọlọ́dẹ ẹnu ọ̀nà ni.

Ní ẹgbẹ́ kan tí a bẹ̀ wò, ìkìlọ̀ náà dá akọ̀wé dúró nígbà tí ó fẹ́ fún télọ̀ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹgbẹ́ ní nọ́ḿbà 147. Ó pe ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n ní ó gbọ́ kọ̀ǹpútà. Ìyẹn ṣí àtẹ orúkọ, ó yí 'No Duplicates' tó wà lára nọ́ḿbà ọmọ ẹgbẹ́ padà sí 'Duplicates OK', ó gba owó iṣẹ́ rẹ̀, ó lọ. Kọ̀ǹpútà sì dákẹ́. Ṣùgbọ́n ìyá aláṣọ kan ti ń jẹ́ 147 tipẹ́tipẹ́. Owó ìyá jẹ́ ₦112,000; nígbà tó yá, ti télọ̀ di ₦74,000. Ọjọ́ tí télọ̀ fẹ́ yá owó, kọ̀ǹpútà ro gbogbo ohun tó jẹ́ 147 pọ̀, ó ní ₦186,000, wọ́n sì yá a ní ìlọ́po méjì rẹ̀. Nígbà tí ìyá wá gba owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀, wọ́n ní owó rẹ̀ ti dúró fún ẹ̀yáwó. Ẹ̀yáwó wo? Ìyá kò yá kọ́bọ̀. Rìsíìtì àti ìwé owó ọwọ́ wọn ni a fi ya owó méjèèjì sọ́tọ̀, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni ó gbà wá. Télọ̀ kò sì jalè. Iye tí wọ́n ní ó tọ́ sí i ni ó gbà.

Nítorí náà, bí ìkìlọ̀ bá dé, ẹ tẹ Esc lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ yóò parẹ́, ti àtijọ́ yóò wà bí ó ṣe wà. Kí ẹ tó wá ìdí rẹ̀.

Èyí tí a rí jù ni pé fọ́ọ̀mù ṣí sórí ẹni àkọ́kọ́ nínú ìwé, akọ̀wé kò sì wò ó dáadáa, ó ń tẹ orúkọ ẹni tuntun lé ti ẹni àtijọ́ lórí. Ibi tó burú sí ni pé bí nọ́ḿbà tó tẹ̀ kò bá tíì sí, kò ní rí ìkìlọ̀ kankan. Access kì í béèrè kí ó tó kọ nǹkan sílẹ̀; bí ẹ bá ti kúrò lórí ẹnì kan, ó ti kọ ọ́ nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ṣe fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ yín fi 'Data Entry' sí 'Yes', kí ó lè máa ṣí ní òfìfo. Bí ẹni náà kò bá sí nítòsí, ẹ di Ctrl mú, kí ẹ tẹ àmì ìròpọ̀, ojú ewé tuntun yóò yọ.

Níbi tí akọ̀wé méjì bá ti ń lo kọ̀ǹpútà méjì lórí ìwé kan náà, fọ́ọ̀mù lè wo nọ́ḿbà tó ga jù, kí ó fi ẹyọ kan lé e, kí ó sì fún àwọn méjèèjì ní 248. Ẹni tó kọ́kọ́ parí ni yóò ni ín. Ìgbà tí ẹ bá fẹ́ fi àkọsílẹ̀ pamọ́ ni ó yẹ kí fọ́ọ̀mù mú nọ́ḿbà, kì í ṣe ìgbà tí ẹ ṣí i.

Ibì kan ṣoṣo wà tí ọlọ́dẹ náà ti lè dúró sí ẹnu ọ̀nà tí kì í ṣe tirẹ̀: àtẹ owó ìfipamọ́. Ọmọ ẹgbẹ́ san ti oṣù kìíní, ó wọlé. Ó mú ti oṣù kejì wá, kọ̀ǹpútà kọ̀ ọ́. Níbẹ̀, nọ́ḿbà ọmọ ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ lè wà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lọ́nà ogún pàápàá, nítorí náà 'Duplicates OK' ni ó tọ́ sí i. Nọ́ḿbà rìsíìtì ni kí ẹ fi 'No Duplicates' sí, kí ẹnikẹ́ni má baà kọ owó kan lẹ́ẹ̀mejì.

Bí ẹnì kan bá ti ṣí ilẹ̀kùn náà fún yín rí, Access kò ní gbà kí ẹ tì í padà títí ẹ ó fi yanjú àwọn tó ti di méjì. Ẹ ṣe ẹ̀dà ìwé náà sórí flash ná. Ẹ wá lo 'Find Duplicates' lórí nọ́ḿbà, kì í ṣe lórí orúkọ. Táíwò mélòó ni kò sí nínú ẹgbẹ́ kan, bẹ́ẹ̀ sì ni Ìyá Bọ̀sẹ̀ lè ti forúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i pẹ̀lú orúkọ àbísọ rẹ̀. Ẹ má pa ẹnikẹ́ni rẹ́ kí ẹ tó fi rìsíìtì wá owó rẹ̀ lọ sábẹ́ nọ́ḿbà tó tọ́, kí ìgbìmọ̀ sì fọwọ́ sí i.

Ìyá aláṣọ ṣì ń jẹ́ 147. Télọ̀ ti di 263, ó sì ń san owó náà díẹ̀díẹ̀.